Àwọn Ọmọ Ìlú Ọba Tó Fi Dùùrù Oníná Kọrin, àti Ọ̀rọ̀ Tó Wà Nílẹ̀ Láàárín Wa

   

Olóòtú ìwé wa yìí ni ó ní kí n wá kọ ohun tí mo mọ̀ nípa orin sínú rẹ̀. Èmi kì í ṣe olórin. Akọ̀wé rélùwéè ni mí ní Kàdúná níbí. Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹrù àti ìwé ìṣirò ni iṣẹ́ mi, ìwé mẹ́fà sì ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dìde sọ̀rọ̀ líle ní ìpàdé oṣù tó kọjá, èmi náà ni ó sì yẹ kí n ṣàlàyé ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi owó ẹgbẹ́ ra dùùrù oníná kan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kíbọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ wa lè máa kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn àgbà kan kọ̀. Wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù yìí kan náà ni ó lé àwọn onílù wa kúrò lójú agbo. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé òde ìkómọ, yóò tẹ bọ́tìnnì, ìlù yóò máa dún fúnra rẹ̀, owó onílù márùn-ún yóò sì wọ àpò ẹnì kan. Mo gbè lẹ́yìn àwọn àgbà. Mo ní ẹ̀rọ kò ní ẹ̀mí. Mo ní ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kì í ṣe olórin, ọ̀lẹ ni. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi, a sì sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.

N kò mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà ní ìdí fèrèsé. Òun wà lára àwọn tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ kí mi bí ó ti yẹ, ó gbé ẹ̀kọ fún mi, ṣùgbọ́n kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ilé mi dákẹ́ bí ìsàlẹ̀ omi.

Ìyá mi ni ó pè mí sí yàrá ní ọjọ́ kẹrin. Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi tó ti di olóògbé ló ni wọ́n. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi, láti Èkó dé Kánò. Ìdó ló ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ìyá mi ní, "Ní ọdún 1986, bàbá rẹ fẹ́ ra dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì. Ọdún kan gbáko ló fi kó owó rẹ̀ jọ. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ rà á ni wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ wálé nítorí owó ilé ìwé. Ó san owó ilé ìwé. Kò sọ̀rọ̀ dùùrù mọ́ títí ó fi kú. Ìwọ wá dìde láàárín àwùjọ, o ní ọ̀lẹ ni wọ́n."

Ẹ̀yin ará mi, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbé páálí náà lọ sí ibi iṣẹ́, mo sì ń gbọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ní òru tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ìtàn àwọn tó kọ wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ọmọ Ìlú Ọba ni gbogbo wọn, àwọn tó dìde láàárín ọdún 1978 sí 1986. Orin wọn ni àwọn òyìnbó ń pè ní synth pop, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní synthesizer ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí fún yín.

IBI TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI WÁ

Dùùrù àtijọ́ a máa fi afẹ́fẹ́ tàbí okùn irin dún. Ti synthesizer yàtọ̀. Iná mànàmáná ni ó ń dá ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò sì máa yí kókó rẹ̀ títí ohùn náà yóò fi nípọn tàbí kí ó tín-ín-rín, títí yóò fi dún bí fèrè, bí agogo, tàbí bí ohun tí etí kò gbọ́ rí. Ọ̀gbẹ́ni Robert Moog ará Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa, ní ọdún 1964. Ńlá ni ẹ̀rọ ìgbà náà, ó fẹ̀ bí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wọ́n gógó. Ní ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kékeré tó ń jẹ́ Minimoog. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn ará Japan, ilé iṣẹ́ Korg àti Roland, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré, ni ọwọ́ ọmọ òṣìṣẹ́ tó bà á.

Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi han gbogbo ayé pé a lè fi ẹ̀rọ nìkan kọ orin tí ènìyàn yóò máa jó sí. Kraftwerk ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìlú Düsseldorf ni wọ́n ti wá. Wọ́n gbé Autobahn jáde ní ọdún 1974. Ní ọdún 1977 wọ́n ṣe Trans-Europe Express, nípa ọkọ̀ ojú irin, ìlù inú rẹ̀ sì ń lọ bí taya irin lórí rélì. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ohùn rélì láti inú oyún, nígbà tí mo gbọ́ orin yìí, orí mi wú.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìlú Ọba gbọ́ ọ, wọ́n sì mú u ṣe tiwọn.

ỌMỌ AWAKỌ̀ TÓ RÍ Ẹ̀RỌ HE

Ẹni àkọ́kọ́ ni Gary Numan. Bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow ní London. Gìtá ni Numan àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tubeway Army, gbé lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, orin ariwo ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá Minimoog kan tí àwọn kan fi sílẹ̀. Numan tẹ ẹ́ wò, ohùn náà mi gbogbo ilé, ó sì yí ọkàn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọdún 1979, orin rẹ̀ "Are 'Friends' Electric?" dé ipò kìíní lórí àtẹ orin tó tà jùlọ ní Ìlú Ọba. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà. Láàárín ọdún kan náà, "Cars" tún dé ipò kìíní.

Ojú Numan kì í rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá ń kọrin. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò ní ẹ̀mí nínú. Ọ̀rọ̀ tí èmi sọ ní ìpàdé nìyẹn gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní àwọn olórin ń yá lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn ọ̀dọ́bìnrin Sugababes mú orin rẹ̀ ti 1979 yẹn ṣe ìpìlẹ̀ "Freak Like Me", òun náà sì dé ipò kìíní.

ÀWỌN ARÁ ÌLÚ IRIN

Sheffield jẹ́ ìlú alágbẹ̀dẹ ńlá. Irin líle rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ The Human League ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Martyn Ware àti Ian Craig Marsh, àwọn tó dá a sílẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà. Akọrin wọn, Philip Oakey, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó ń gbé àwọn aláìsàn láti yàrá kan sí èkejì. Kò tíì tẹ dùùrù rí nígbà tí wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 1978 wọ́n gbé "Being Boiled" jáde, orin tó ṣókùnkùn, tí kò tà púpọ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 1980 ìjà dé. Ware àti Marsh jáde, wọ́n lọ dá Heaven 17 sílẹ̀. Oakey mú orúkọ ẹgbẹ́, ó sì mú gbèsè ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ìrìn àjò orin ti wà nílẹ̀ tí wọn kò lè fagi lé. Kí ni ó ṣe? Ó lọ sí ilé ijó kan ní ìlú wọn, ó rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń jó, Susan Ann Sulley àti Joanne Catherall. Ọmọ ilé ìwé ni àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé ó kàn jí wọn gbé lọ o: ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí wọn kí wọn tó lè bá a lọ. Àwọn òbí gbà.

Gbogbo ènìyàn rò pé ẹgbẹ́ náà ti parí. Ní ọdún 1981 wọ́n ṣe àwo Dare pẹ̀lú Martin Rushent, ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìlù lò dójú àmì. Orin kan wà ní ìparí àwo náà tí Oakey fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n gbé jáde lọ́tọ̀, ó rò pé kò dára tó. "Don't You Want Me" ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wà ní ipò kìíní ní Kérésìmesì ọdún 1981 ní Ìlú Ọba, ní ọdún 1982 ó sì dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Oakey àti àwọn obìnrin méjèèjì yẹn ṣì jọ ń kọrin títí di àkókò yìí, lẹ́yìn ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìpín yẹ́lẹyẹ̀lẹ?

Àwọn tó jáde náà kò sì ṣègbé. Heaven 17 ṣe "Temptation" ní ọdún 1983. Ní ọdún yẹn kan náà Ware bá Tina Turner ṣiṣẹ́ lórí "Let's Stay Together", nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé obìnrin náà. Orin yẹn ni ó tún ọ̀nà rẹ̀ là. Ẹ rí i pé ìjà kì í ṣe òpin ayé.

DÙÙRÙ TÍ WỌ́N SAN DÍẸ̀DÍẸ̀

Orchestral Manoeuvres in the Dark ni orúkọ àwọn kẹta, ẹnu ń rẹni kí ènìyàn tó pè é tán. OMD ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Andy McCluskey àti Paul Humphreys, ọ̀rẹ́ láti kékeré, láti Wirral lódìkejì odò Liverpool. Wọn kò lówó. Dùùrù oníná àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwọn gan-an, ti Korg, inú ìwé ọjà tí ìyá McCluskey ń rajà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n rà á láwìn, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi àjọ ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ mọ irú ìṣirò yìí.

Ní ọdún 1979 wọ́n gbé "Electricity" jáde. Ní ọdún 1980 wọ́n gbé "Enola Gay" jáde, èyí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ohùn rẹ̀ dùn, ọmọdé lè máa jó o. Ṣùgbọ́n Enola Gay ni orúkọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó ju bọ́ǹbù sí ìlú Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Awakọ̀ náà ló fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ẹ̀rọ kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú orin ijó, ta ni yóò sọ pé kò ní ẹ̀mí nínú?

ÀWỌN TÓ GBÉ DÙÙRÙ WỌ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Depeche Mode ni èmi fẹ́ràn jù. Ìlú Basildon ní Essex ni wọ́n ti wá, ní ọdún 1980: Vince Clarke, Martin Gore, Andy Fletcher àti Dave Gahan. Gore ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, Fletcher ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Nítorí pé dùùrù wọn kéré, wọn kò nílò láti háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Abẹ́ apá ni wọ́n ń gbé e sí, wọn a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọrin ní London. Èmi tí mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ irú èrò bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń ro ó pé kí ni akọ̀wé tó ja tíkẹ́ẹ̀tì wọn rò nípa wọn.

Daniel Miller, olówó àwo Mute, bá wọn dá májẹ̀mú láìkọ ìwé; ọwọ́ lásán ni wọ́n bọ ara wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa pín èrè dọ́gba. Májẹ̀mú náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1981 wọ́n ṣe àwo àkọ́kọ́, Speak & Spell, tí "Just Can't Get Enough" wà nínú rẹ̀. Clarke ni ó kọ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn orin náà, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ó ní òun kò ṣe mọ́. Àwọn tó kù lè tú ká. Gore bọ́ sí ìdí orin kíkọ, Alan Wilder dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1982, ẹgbẹ́ náà sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Construction Time Again ní ọdún 1983, wọ́n jáde síta, wọ́n ń lu irin àti páànù, wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ìlù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, àwọn ènìyàn tó ju 60,000 lọ péjọ wò wọ́n ní pápá Rose Bowl ní California. Ní ọdún 1990 wọ́n gbé Violator jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ wọn tó dára jù.

N kò ní fi ibi tó burú pamọ́ fún yín. Oògùn olóró fẹ́ pa Gahan. Ní ọdún 1996 ọkàn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú bíi méjì kí àwọn oníṣègùn tó jí i. Ó kọ oògùn sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ń kọrin títí di òní. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi í kọ́gbọ́n.

Nínú gbogbo wọn, Fletcher ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Kò kọ orin, kò sì mọ dùùrù tẹ̀ bí àwọn yòókù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó bójú tó òwò ẹgbẹ́, kí ó sì máa pẹ̀tù sí aáwọ̀. Akọ̀wé ló wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ó kú ní ọdún 2022, Gore àti Gahan nìkan ló sì kù láti ṣe àwo Memento Mori ti ọdún 2023.

Ní ti Vince Clarke tó jáde, ó bá Alison Moyet, obìnrin olóhùn ńlá, dá Yazoo sílẹ̀. "Only You" wọn jáde ní ọdún 1982. Ní ọdún 1985 ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá akọrin, Andy Bell dáhùn, wọ́n sì dá Erasure sílẹ̀. Ọkùnrin kan, ẹgbẹ́ mẹ́ta, gbogbo wọn ló yege.

ÀWỌN YÒÓKÙ NÍ ṢÓKÍ

Soft Cell, Marc Almond àti Dave Ball, tí wọ́n pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Leeds. Wọ́n mú "Tainted Love", orin tí Gloria Jones, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ṣáájú ọdún 1970, wọ́n fi dùùrù oníná tún un kọ ní ọdún 1981, ó sì dé ipò kìíní ní Ìlú Ọba. Ọ̀sẹ̀ 43 ni ó fi wà lórí àtẹ Amẹ́ríkà.

New Order, ìlú Manchester. Ian Curtis, akọrin ẹgbẹ́ Joy Division, kú ní ọdún 1980, ọmọ ọdún 23. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ọ̀fọ̀ jókòó títí láé. Wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n mú ẹ̀rọ. "Blue Monday" wọn ti ọdún 1983 ni àwo fẹ̀ǹfẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ijó, tó tà jù nínú ìtàn Ìlú Ọba.

Eurythmics, Annie Lennox àti Dave Stewart. Ẹgbẹ́ wọn àtijọ́ tú ká, ìfẹ́ àárín àwọn méjèèjì náà sì parí, síbẹ̀ wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Sweet Dreams" wọn dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983.

Pet Shop Boys, Neil Tennant àti Chris Lowe. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ni wọ́n ti pàdé ní London ní ọdún 1981. Lowe ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní oṣù kìíní ọdún 1986, "West End Girls" dé ipò kìíní. Tennant ti pé ọmọ ọdún 31 nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ ti lọ fún yín, ẹ gbọ́ o.

IPA WỌN

Bí ẹ bá bi mí pé ta ni ipa rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn, n óò ní Human League àti Depeche Mode ni, Numan ló sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Detroit, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, gbọ́ irú orin yìí lórí rédíò pẹ̀lú ti Kraftwerk, wọ́n sì dá orin techno sílẹ̀. Ní New York, Afrika Bambaataa mú ohùn Trans-Europe Express sínú "Planet Rock" ní ọdún 1982. Orin tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ nínú fóònù lónìí, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun òyìnbó nìkan ni. Ní Enugu, William Onyeabor ń fi dùùrù oníná ṣe àwo tirẹ̀ láti ọdún 1977 títí di 1985, ní ìgbà kan náà pẹ̀lú àwọn tí mo ń sọ yìí. Ní ọdún 2013 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn orin rẹ̀ jọ, tí ayé sì pariwo. Ó kú ní ọdún 2017. King Sunny Adé wa náà, nínú àwọn àwo tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde fún un ní ọdún 1982 àti 1983, gba dùùrù oníná láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan. Gángan kò sá, dùùrù kò sì gbé e mì.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN ONÍLÙ

Ìbẹ̀rù àwọn àgbà wa kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1982, ẹ̀ka kan ní London nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin Ìlú Ọba gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de dùùrù oníná àti ẹ̀rọ ìlù, nítorí wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń fọn fèrè tó sì ń ta gòjé. Àbá náà kò di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè. N kò bá wọn wí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ ọmọ mẹ́fà ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Òfin kò dá ẹ̀rọ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò sì sọ àwọn onílù di aláìnílò.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó parí ọ̀rọ̀ tó wà nílé. Mo lọ kí bàbá onílù wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló lulù nígbà ìkómọ èmi fúnra mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí ni ẹ rí sí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yìí?"

Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ló ń bí mi nínú. Láti ọdún mẹ́ta, kò sí ọmọ kan tó wá sọ́dọ̀ mi pé kí n kọ́ òun ní ìlù. Ẹ ń bá mi jà lórí òde tí wọn kò pè mí sí. Ẹ kò bi mí pé ta ni yóò gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. A ti ń bá ẹ̀rọ wíjọ́, bẹ́ẹ̀ àwa òbí ni a kò rán ọmọ lọ kọ́ ìlù. Ọmọ mi kò mọ oríkì ìlé wa lórí gángan. Èmi ni mo fà á, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù.

Nítorí náà mo mú àbá mẹ́ta wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní, kí a ra dùùrù náà, kí a má sì mú un láti inú owó ìrànlọ́wọ́ òkú àti aláìsàn. Kí a dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí àjọ. Èkejì, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ dùùrù ní Sátidé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó wákàtí kan lọ́dọ̀ bàbá onílù, kí ẹgbẹ́ sì san owó iṣẹ́ fún bàbá. Ẹ̀kẹta, òde tí wọ́n bá pe àwọn ọmọ wa sí pẹ̀lú dùùrù ẹgbẹ́, kí wọ́n pe onílù ẹgbẹ́ pẹ̀lú, kí owó rẹ̀ sì pé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo pè ní ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò bá ìtàn mu, kò sì bá ilé bàbá mi mu.

Mo ti gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì náà fún ọmọ mi. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ibi tí bàbá mi fi bírò bulúù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Èwo ni Bàbá Àgbà fẹ́ràn jù?" N kò mọ̀ ọ́n. N kò bi í rí nígbà tó wà láyé. Mo ní kí ó gbọ́ gbogbo wọn, kí òun wá sọ fún mi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ dá sí owó dùùrù àti owó bàbá onílù, akápò ẹgbẹ́ ni kí ẹ kó o fún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Èmi ti dá ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ó dìgbà kan ná o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a máa bá ara wa nínú ayọ̀, kí ìdálẹ̀ má di ahoro mọ́ wa lórí.